Ìdẹ̀ra Tó Ń Jẹ Eegun: Ẹ̀kọ́ Ìlera Láti Ọ̀dọ̀ Àwọn Tó Ń Gbé Ojú Òfurufú

Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ wa máa rìn jìnnà díẹ̀ kó tó wọlé. A óò kọ́kọ́ gòkè lọ sí òfurufú, lẹ́yìn náà a óò padà sídìí àga tí màmá wa ń jókòó sí nínú pálọ̀, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ń lọ.

Ẹ ó rántí àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Suni Williams àti Butch Wilmore, tí rédíò ń sọ̀rọ̀ wọn lemọ́lemọ́ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ 5 oṣù kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n gbéra lọ sí ibùdó tó wà lókè òfurufú. Bí ọjọ́ mẹ́jọ ni wọ́n fọkàn sí. Ọkọ̀ tó gbé wọn lọ ní ìṣòro, wọ́n sì dá a padà sílẹ̀ láìgbé ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ 286 ni wọ́n lò kí wọ́n tó padà dé, lọ́jọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 2025. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń béèrè nígbà náà pé kí ni wọ́n ń jẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń sùn. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn èmi apoògùn yàtọ̀. Obìnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 59, ọkùnrin náà jẹ́ ẹni ọdún 62 nígbà tí wọ́n dé. Báwo ni àgbàlagbà ṣe lè lo oṣù mẹ́sàn-án níbi tí ẹsẹ̀ kì í ti í gbé ara, kó sì tún padà wá rìn lórí ilẹ̀?

Ìdáhùn ìbéèrè yẹn wúlò fún gbogbo ilé tí àgbàlagbà bá wà, ní Ọ̀yọ́ o, ní Ògbómọ̀ṣọ́ o.

Ibùdó tó ń sáré yí ayé po

Orúkọ ibùdó náà ni International Space Station. Ó tó kìlómítà 400 sókè orí wa. Láti ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2000 ni èèyàn ti ń gbé ibẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Èèyàn méje ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Wọ́n á lo bí oṣù mẹ́fà, àwọn mìíràn á sì wá gba ipò wọn. Eré tó ń sá ju kìlómítà 7 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá jẹ́ pé láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń lọ, kí èèyàn tó ka Kúlúhuwà kan tán, ó ti dé. Bí 90 ìṣẹ́jú ló fi ń yí ayé po, ìdí nìyí tí oòrùn fi ń là tó sì ń wọ̀ lójú àwọn ará ibẹ̀ nígbà 16 lójúmọ́. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì tàbí lásìkò ìrun Àsùbáà, ẹni tó bá gbójú sókè lè rí i bí ìràwọ̀ ńlá tí kì í ṣẹ́jú, tó ń rọra kọjá lọ.

Ọ̀rọ̀ òfurufú kì í sì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí John Glenn, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó yí ayé po, gòkè lọ lọ́jọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1962, Kánò wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀. Lọ́jọ́ 29 oṣù kẹfà ọdún 2025, ọmọ Ìkòròdú kan, Ọ̀gbẹ́ni Owolabi Salis, wọ ọkọ̀ iléeṣẹ́ Blue Origin dé ẹnu òfurufú, ó sì padà dé ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ká lọ wo ìlú yàtọ̀ sí ká lọ máa gbé ìlú. Ara ẹni tó bá gbé òfurufú fún oṣù mẹ́fà ló máa ń rí nǹkan.

Ìsinmi tí kò dára fún ara

Lókè yẹn, èèyàn kì í wúwo. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nígbà tí mọ́tò bá já wálẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lójijì, tí ìdí wa fẹ́ẹ́ kúrò lórí àga. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí fún wọn tọ̀sántòru, nítorí ibùdó náà àti àwọn tó wà nínú rẹ̀ jọ ń já bọ̀ yí ayé po ni. Wọ́n ń léfòó. Ọwọ́ kan lè ti ẹrù tí ọkùnrin mẹ́ta kò lè gbé nílẹ̀. Inú àpò tí wọ́n so mọ́ ògiri ni wọ́n ń sùn, kí wọ́n má baà léfòó kiri lójú oorun. Orúnkún kì í ro wọ́n, ẹsẹ̀ kì í rẹ̀ wọ́n. Ta ni kò ní fẹ́ irú ìsinmi bẹ́ẹ̀?

Inú ìsinmi náà sì ni ewu wà. Ọlọ́hun dá eegun lọ́nà tó fi jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wó díẹ̀ lára ara rẹ̀, tó sì ń tún un mọ. Ẹrù tó ń gbé ló ń sọ fún un bó ṣe yẹ kó nípọn tó. Bí kò bá rí ẹrù gbé, èyí tó ń wó á pọ̀ ju èyí tó ń mọ lọ. Ẹni tó bá wà lókè tí kò wá nǹkan ṣe sí i lè pàdánù ìpín 1 sí 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún eegun ìbàdí rẹ̀ lóṣooṣù. Kálísíọ́ọ̀mù tó kúrò nínú eegun á gba inú ìtọ̀ jáde, ó sì lè di òkúta nínú kíndìnrín. Iṣan itan àti ti ẹ̀yìn á máa joro. Omi ara tó yẹ kó wà nísàlẹ̀ á gòkè, ojú á wú, ẹsẹ̀ á tín-ín-rín.

Ẹ fi èyí sọ́kàn: nínú gbogbo rẹ̀, eegun tó ń tán lọ kì í dun ẹni tó ni ín. Eegun kì í kígbe. Ara á máa tù wọ́n, wọ́n á máa léfòó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá padà sórí ilẹ̀ ni òòyì á kọ́ wọn, tí ẹsẹ̀ á máa gbọ̀n. Ìdí nìyí tí a fi ń rí i nínú fídíò pé àwọn èèyàn ló ń gbé wọn jáde látinú ọkọ̀.

Wákàtí méjì lójúmọ́

Kí wá ni wọ́n ń ṣe sí i? Kò sí oògùn kan tó lè gba ipò iṣẹ́ ara. Wọ́n ń lo fítámììnì D, nítorí pé oòrùn kì í kan awọ ara wọn nínú ibùdó. Ṣùgbọ́n ohun tó gba eegun wọn sílẹ̀ jù ni bíi wákàtí méjì tí wọ́n fi ń ṣe eré ìdárayá lójúmọ́. Wọ́n á fi okùn tó ń fà de ara wọn mọ́ ẹ̀rọ, wọ́n á sì máa sáré lórí rẹ̀. Wọ́n á wa kẹ̀kẹ́ tí kò ní ìjókòó. Wọ́n á lọ sídìí ẹ̀rọ kan tó ń tì wọ́n padà bí ẹrù wúwo, wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìgbà tó bá wù wọ́n. Ó wà nínú ìwé iṣẹ́ ojúmọ́ wọn, bí oúnjẹ ṣe wà níbẹ̀.

Dókítà ará Rọ́ṣíà kan, Valeri Polyakov, lo ọjọ́ 437 nínú ibùdó tí wọ́n ń pè ní Mir, láti oṣù kìíní ọdún 1994 títí di oṣù kẹta ọdún 1995. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó dé ilẹ̀, dípò kí wọ́n gbé e lọ sórí àga tó wà nítòsí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn débẹ̀. Ẹ tún wo Don Pettit, ará Amẹ́ríkà. Ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2025 ló padà dé lẹ́yìn ọjọ́ 220, ọjọ́ yẹn gan-an ló sì pé ẹni 70 ọdún. John Glenn tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan náà tún padà lọ lọ́dún 1998, nígbà tó ti di ẹni ọdún 77. Lára ohun tí wọ́n torí rẹ̀ mú un lọ ni pé ohun tó ń ṣe ara lófurufú jọ ohun tó ń ṣe ara tó ń darúgbó, wọ́n sì fẹ́ wo bí méjèèjì ṣe bára tan.

Jíjáde síta

Agbára tí wọ́n ń kó jọ yìí kì í ṣe fún ọjọ́ ìpadàbọ̀ nìkan. Nígbà mìíràn, nǹkan á bàjẹ́ lára ibùdó náà, ẹnìkan á sì ní láti jáde lọ tún un ṣe níbi tí kò ti sí afẹ́fẹ́. Kí wọ́n tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ mí ọ́síjìn nìkan fún ìgbà pípẹ́, kí náítírójìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ lè jáde, kó má baà hó bíi mínírà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí. Wọ́n á wọ aṣọ tó ní afẹ́fẹ́ àti omi mímu tirẹ̀. Méjì-méjì ni wọ́n sábà máa ń jáde, okùn sì máa ń so wọ́n mọ́ ibùdó. Ìbọ̀wọ́ wọn le débi pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá di nǹkan mú, bíi kí èèyàn máa fún bọ́ọ̀lù rọ́bà ni, fún wákàtí mẹ́fà tàbí méje.

Lọ́jọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, arákùnrin wa Mùsùlùmí, Sultan Alneyadi láti United Arab Emirates, jáde pẹ̀lú Stephen Bowen. Òun ni Lárúbáwá àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀. Wákàtí méje àti ìṣẹ́jú kan ni wọ́n lò. Wọ́n ṣètò wáyà iná, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kan tí wọ́n fẹ́ tú kọ̀ láti tú. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n wọlé ní àlàáfíà. Lọ́jọ́ 30 oṣù kìíní ọdún 2025, Butch Wilmore àti Suni Williams jáde lọ tú u kúrò. Ìgbà yẹn, wọ́n ti lé ní oṣù méje lókè. Eré ìdárayá ojoojúmọ́ ló jẹ́ kí ọwọ́ wọn ṣì ká iṣẹ́ náà.

Ìtàn kan wà tó yẹ kí gbogbo ìdílé gbọ́. Lọ́jọ́ 16 oṣù keje ọdún 2013, Luca Parmitano, ọmọ Ítálì, wà níta nígbà tó rí i pé ẹ̀yìn orí òun ti tutù. Omi ń jò sínú akoto rẹ̀. Níbi tí kò sí ìwúwo, omi kì í ṣàn wálẹ̀. Ṣe ló lẹ̀ mọ́ ọn lójú, ó bò ó nímú. Kò ríran mọ́, ohùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Chris Cassidy kò já gaara. Ó fi okùn tó so ó mọ́ ibùdó wá ọ̀nà padà, ó sì yè. Omi náà ju lítà kan lọ. Nígbà tí wọ́n tú aṣọ náà wò, ohun tó dí ihò kékeré kan ló fà á. Ṣùgbọ́n èyí tó ká ni lára jù ni pé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, wọ́n ti rí omi nínú akoto kan náà. Wọ́n rò pé inú àpò omi mímu ló ti jò, wọ́n sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, irú omi kékeré yẹn wà nínú ilé wa. Bàbá ta gìẹ́gìẹ́ ní balùwẹ̀, ó ní bàtà ló yọ̀. Ọwọ́ òsì kú rínrìn, ó lọ, a ní òun ló sùn lé e. Àmì tí a bá fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn lónìí lè di rọpárọsẹ̀ lọ́la.

Ìmọ́tótó àti ìjọsìn níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n

Kò sí balùwẹ̀ olómi ṣíṣàn lókè. Aṣọ ìnura tútù ni wọ́n fi ń nu ara, wọ́n sì ní ọṣẹ ìfọrí tí kì í gba omi ṣíṣàn. Omi tí ara wọn bá tú jáde ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń fọ̀ mọ́ títí yóò fi dára fún mímu. Lọ́dún 2023, wọ́n dé ibi pé nínú gbogbo omi 100, 98 ni wọ́n ń rí gbà padà. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi ń nu gbogbo ibùdó, nítorí àrùn ẹnìkan lè kan gbogbo wọn. Àwa tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, fi kọ́ láti má ṣe fi omi àlùwàlá ṣòfò, kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa.

Lọ́dún 2007, nígbà tí dókítà eegun kan láti Màléṣíà, Sheikh Muszaphar Shukor, fẹ́ lọ sókè nínú oṣù Rámádánì, àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn orílẹ̀-èdè rẹ̀ jókòó, wọ́n sì kọ ìwé ìlànà fún un. Ìrun márùn-ún ní wákàtí 24 ni, aago ibi tí ọkọ̀ ti gbéra ni wọ́n á fi mọ àsìkò, kì í ṣe oòrùn tó ń là nígbà 16. Kí ó kọjú sí Kiblà bó bá ti lágbára mọ. Kí ó dúró kírun bó bá ṣeé ṣe, bí kò bá ṣeé ṣe, ìrọ̀rùn wà. Alneyadi náà sọ kó tó gbéra pé arìnrìn-àjò ni òun, ààwẹ̀ kò sì di dandan fún òun lójú ọ̀nà.

Ẹ wo bí ẹ̀sìn wa ṣe rọrùn tó. Ṣùgbọ́n ìrọ̀rùn wà fún ẹni tí kò lágbára ni. Ẹni tí agbára rẹ̀ ṣì wà, tí a fi àga tì lẹ́yìn, ìrọ̀rùn tirẹ̀ á di àìsàn.

Àga inú pálọ̀

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí. Gbogbo wa la mọ ìyá tó ti ṣòwò ní ọjà Akẹ̀sán fún ogójì ọdún, tó ń fẹsẹ̀ rìn, tó ń gbẹ́rù. Ó wá ṣàìsàn díẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá sọ pé, "Màámi, ẹ ti ṣiṣẹ́ tó, ẹ jókòó." Wọ́n ra àga oníìrọ̀rí, wọ́n gba ọmọ ọ̀dọ̀. Omi àlùwàlá ń bá a lórí ìjókòó, oúnjẹ ń bá a níbẹ̀, orí àga náà ló ti ń kírun. Ìfẹ́ ni, ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, màmá kò lè dìde láìsí ẹni tó fà á lọ́wọ́. Lọ́jọ́ kan tó gbìyànjú rẹ̀, ó ṣubú, eegun ìbàdí ṣẹ́. Gbogbo ilé ní ọjọ́ ogbó ni, tàbí pé ọwọ́ ayé ni.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. A ti gbé màmá lọ sí òfurufú láìmọ̀, a kò sì fún un ní wákàtí méjì eré ìdárayá. Ara tí a kò jẹ́ kó gbé ara rẹ̀ mọ́ á gbàgbé bí a ṣe ń gbé ara. Bẹ́ẹ̀ náà ni egbò ìdùbúlẹ̀, àìlè ṣe ìgbẹ́ dáadáa, àti ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀ ṣe ń wá.

Ọ̀rọ̀ oògùn tún wà níbẹ̀. Bí orúnkún bá ti ń ro àgbàlagbà, ilé kẹ́mísì la máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, a ó ra oògùn tí wọ́n dì pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré, a kì í mọ orúkọ wọn. Prednisolone tàbí dexamethasone lè wà nínú wọn. Ìrora á lọ kíákíá, ojú á yọ bíi ti ẹni tó sanra, ṣùgbọ́n bí a bá ń lò ó lọ, oògùn yìí gan-an ń jẹ eegun, ó sì ń gbé ìfúnpá àti ṣúgà sókè. Àwọn bíi diclofenac àti ibuprofen tí a ń lò lójoojúmọ́ lè dá egbò sí inú, kí wọ́n sì ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ti ń lo oògùn ọ̀rá bẹ́ẹ̀ pẹ́, kó má dá a dúró lójijì. Kó kó o lọ bá dókítà tàbí apoògùn.

Ohun tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀ lọ́la

Kì í ṣe ẹ̀rọ òyìnbó la nílò. Bí dókítà kò bá sọ pé kí àgbàlagbà yín má ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àkọ́kọ́, àga tí kò rì, tí wọ́n fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Kí màmá dìde lórí rẹ̀, kó tún jókòó, nígbà márùn-ún láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí ẹnìkan dúró tì í, ṣùgbọ́n kó má fà á bí kò bá nílò rẹ̀.

Èkejì, kó di ògiri mú, kó gbé gìgísẹ̀ sókè, kó sọ ọ́ kalẹ̀, nígbà mẹ́wàá.

Ìkẹta, ẹ má gbé omi àlùwàlá lọ bá a bó bá lè rìn dé ìdí omi. Ẹ kàn mú ilẹ̀ balùwẹ̀ gbẹ, ẹ tan iná sójú ọ̀nà, kí ọ̀pá rẹ̀ wà nítòsí.

Ìkẹrin, bó bá lè dúró fún apá kan ìrun, kó dúró fún apá yẹn, kó jókòó fún ìyókù. Ẹ bi àlùfáà yín léèrè bó ṣe yẹ kó ṣe é.

Ìkarùn-ún, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja pẹ̀lú eegun rẹ̀ tó ti rọ̀, wàrà àti ewébẹ̀. Kó jókòó síta nínú oòrùn òwúrọ̀ díẹ̀.

Ìkẹfà, ẹni tí kò lè dìde rárá, ẹ máa yí i nípò ní wákàtí méjì-méjì, kí ẹ sì máa nà án lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí àyà ń dùn, ẹni tí ẹsẹ̀ kan wú tó sì ń ro ó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣubú, tàbí tí ìfúnpá rẹ̀ ga gan-an, kó kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ọ̀yọ́, LAUTECH àti Bowen wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ béèrè àwọn tó ń kọ́ aláìsàn ní bó ṣe máa tún lo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ má dúró kí ó di pé a kò lè gbé e sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ara jẹ́ ohun tí Ọlọ́hun fi sọ́wọ́ wa, a ó sì jíhìn lórí rẹ̀. Ara òbí wa tí a ń tọ́jú jẹ́ ohun ìfisọ́wọ́ kejì. Bí ẹ bá pe màmá lórí fóònù lálẹ́ òní, lẹ́yìn tí ẹ bá ti kí i, ẹ bi í pé, "Màámi, ìgbà mélòó lẹ dìde lónìí?" Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní ẹ̀mí gígùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó ń gbé wọn, kó sì fún àwa náà ní ọgbọ́n láti tọ́jú wọn. Àmín. Ó di oṣù tó ń bọ̀, ìn-ṣáà Allah.